Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó Kùtà

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ń fi iyì kún ẹni tí ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti wà nínú wa bí ẹ̀gún inú ẹsẹ̀, a sì rí i pé bí àwa kò bá yọ ọ́ fúnra wa, kò sí ẹni tí yóò bá wa yọ ọ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, aya wa ní kí a wá kó àwọn ìwé àtijọ́ kúrò nínú àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Bí a ti ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wa kan ìwé ìròyìn kékeré kan tí àwa fúnra wa jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2016. Ojú ewé ìkẹyìn ni ó kọjú sí wa. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, títí aya wa fi bèèrè pé, “Bàbá wọn, kí ni ó ṣe yín?” A kò rí èsì kankan fún un. Èsì náà ni a ń kọ sílẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni a fi ń jẹun láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ìsinmi a jẹ́ katikíìsì. Nítorí pé ọwọ́ wa mọ́ ní ìwé kíkọ, àwọn àgbà ìjọ fi ìwé ìròyìn oṣooṣù lé wa lọ́wọ́. Ojú ewé 8 ni, ₦100 sì ni iye rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni a ti ń kéde ọmọ tí a bí, ìgbéyàwó tí a ṣe, àti òkú tí a sin. A ń fún àwọn ìyá ní ìmọ̀ràn lórí ìtọ́jú ọmọ, a sì ń sọ ohun tí ń lọ ní ìlú. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọn a kà á tán, wọn a yá aládùúgbò, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í fẹ́ ṣe ni kí wọ́n san owó rẹ̀. “Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá, bí oṣù bá parí.” Oṣù a parí, òmíràn a bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé ní tirẹ̀ kò gba “ẹ kọ ọ́ sílẹ̀” lọ́wọ́ wa. Owó ni ó ń gbà kí ó tó ra bébà àti tàdáwà.

Inú ìnira yìí ni a wà nígbà tí ọkùnrin kan tọ̀ wá wá, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì tutù. Ó fẹ́ fi ojú ewé ìkẹyìn polówó ọjà rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ó sì ka owó náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó náà tó láti tẹ ìwé wa fún gbogbo ọdún. Ọjà rẹ̀ ni ilé owó kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí: ẹni tí ó bá mú ₦10,000 wá lónìí yóò gba ₦13,000 lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ọdún náà owó sọ̀wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ènìyàn ń wá ibi tí wọn yóò sá sí. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa tún èdè ìpolówó náà ṣe kí ó lè dùn ún kà. Àwa ni a yan lẹ́tà gàdàgbà tí a fi tẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan mú àkọsílẹ̀ kan wá fún wa láti tẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn bèèrè pé: ₦3,000 tí a ń fi lé ₦10,000 lórí, oko wo ni ó ti ń hù wá? Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣírò. Owó àwọn tí ó dé lẹ́yìn ni a fi ń san èrè fún àwọn tí ó dé ṣáájú. Ní ọjọ́ tí àwọn tí ń bọ̀ bá dínkù, ní ọjọ́ náà ni ilé yóò wó, orí àwọn tí ó wọlé kẹ́yìn ni yóò sì wó lé. A kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a ti ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì fún ogún ọdún, a mọ̀ pé òtítọ́ ni.

A mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àgbà kan fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ṣe é. Bí a bá tẹ èyí, ta ni yóò ra bébà?” Ẹlòmíràn ní ọmọdé ni olùkọ́ náà, ìlara ni ó ń ṣe é. Gbogbo wọn wá yí ojú sí wa. A ní, bóyá kí a dá a dúró di oṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí oṣù tí ń bọ̀ dé, a tún dá a dúró. Ní àyè tí ì bá wà, a fi àkọsílẹ̀ kan sí i lórí bí a ti í sá aṣọ ọmọ ní ìgbà òjò. Kò sí irọ́ kankan nínú àkọsílẹ̀ náà. Aṣọ ọmọ yẹ ní sísá.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ilẹ̀kùn ilé owó náà ti tì. Ìyá ẹlẹ́kọ kan, opó ni, wá bá wa ní ilé ní ìdájí. Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó ní, “Bàbá Katikíìsì, ₦80,000 tí mo fi àjọ kó jọ láti fi ọmọ mi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo gbé lọ síbẹ̀. Èmi kò mọ ọkùnrin náà rí. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Inú ìwé yín ni mo ti rí i.” Ó dìde, ó sì lọ tún ẹ̀kọ rẹ̀ pọ́n.

Àwọn baba wa ní, bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, a sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ àti àwọn ìjòyè ni. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ìwé ìròyìn àti gbogbo rédíò pẹ̀lú ojú mìíràn. A bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tí ó bọ́ ẹnu tí ń sọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ a kọ́ wa láti máa yangàn pé ní ọjọ́ 3 oṣù December ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S., mú Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta, tí a ń tà ní 120 owó ẹyọ. Ó yẹ kí a yangàn. Òun ni ó kọ́ àwọn baba ńlá wa láti máa wá ìròyìn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n míṣọ́n ni ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, láti ẹnu ọ̀nà míṣọ́n ni ìwé náà sì ti ń wo ayé. Nígbà tí aáwọ̀ wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ibi tí Townsend dúró sí ni ìwé náà dúró sí. Nígbà tí inú sì bí Ẹ̀gbá sí àwọn aláwọ̀ funfun ní oṣù October 1867, ní ìgbà Ìfọ́lé, tí a lé àwọn òjíṣẹ́ jáde, ìwé ìròyìn náà kú. Ó bá olówó rẹ̀ wọ ìlú, ó sì bá a jáde.

Láti ìgbà náà wá, ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí. Ní ọdún 1926 a bẹ̀rẹ̀ Daily Times ní Èkó. Adéyẹmọ Alákijà wà nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò òyìnbó tí ilé ìṣòwò wọn wà ní Èkó. Ní ọdún 1947 ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù rà á. Ní ọdún 1975 Ìjọba Àpapọ̀ gba ìpín 60 nínú 100. Ní ọdún 2004 a tún tà á fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Daily Times ni a ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ pé “Daily Times wí báyìí.” Ṣùgbọ́n ẹnu mélòó ni ó ti fi orúkọ kan náà sọ̀rọ̀!

Nínú àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ti Èkó ní ayé náà, bí Eko Akete ti 1922, Eleti Ofe ti 1923, àti Akede Eko tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà. Kò sí ilé ìṣòwò ńlá lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó ni ìwé ni ó ń kọ ọ́, òun náà ni ó ń sá kiri láti tà á, òun náà ni ó ń bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ san gbèsè. Síbẹ̀ ọwọ́ ọjà kàn wọ́n. Ní ọdún 1929 sí 1930 Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó ń ròyìn ìwà àgbèrè ìgbà èwe rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Thomas tìkára rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. A kò dá baba náà lẹ́jọ́, nítorí ìtàn náà dùn, ó sì kọ́ ni lọ́gbọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí yóò jẹun lọ́wọ́ òǹkàwé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kò lè ṣàìmọ ohun tí etí òǹkàwé ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ rédíò wá le ju ti ìwé lọ. Ìwé ìròyìn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìjọba nìkan ni ó ni rédíò. Yorùbá tí ó sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ọdún 1953, lẹ́yìn ìjà òmìnira nínú ilé ìgbìmọ̀, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì bá àwọn aṣáájú Ìwọ̀ Oòrùn wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè àyè láti fèsì. Wọn kò fún un. Awólọ́wọ̀ ti mọ ìwúlò ìwé ìròyìn, nítorí òun ni ó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949. Ìjọba rẹ̀ kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rédíò náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ fún gbogbo ọmọ Yorùbá, títí di òní ni a sì ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: kò pẹ́ tí ìjọba náà fi bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ilé iṣẹ́ náà sì bá ìjọba lọ. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá, tí Tribune kò gbè sẹ́yìn Akíntọ́lá, ìjọba rẹ̀ dá Daily Sketch sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ẹni tí ó bá ra ìwé méjèèjì ní ọjọ́ kan náà ní Ìbàdàn nígbà náà yóò rò pé ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ròyìn. Bákan náà ni ti Concord tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá dá sílẹ̀ ní 1980: nígbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ N.P.N., ìwé rẹ̀ ń jà fún ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀ ní 1982, ohùn ìwé rẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn tí a fagi lé ìdìbò June 12, 1993, tí àwọn ológun ń wá bí wọn yóò ti pa Abíọ́lá lẹ́nu mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn Concord pa. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu olówó rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò wí pé ìyẹn ti kọjá, pé láti ìgbà tí òfin ọdún 1992 ti fi àyè gba aládàáni láti ní rédíò àti amóhùnmáwòrán, ẹnu ti pọ̀. Lóòótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Ẹnu púpọ̀ sàn ju ẹnu kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu púpọ̀ tí ń jẹun nínú àwo kan náà kì í ṣe ẹnu púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń fi owó ìpolówó sanwó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè rí àléébù onípolówó. Akọ̀ròyìn tí a kò san owó oṣù rẹ̀ yóò gba àpòòwé tí a tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ibi àpèjẹ. Ẹ rántí àwọn wòlíì tí ń jẹun ní tábìlì Jésébẹ́lì: ǹjẹ́ ẹ gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn bá a wí rí?

Lóde òní pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú owó ìpolówó tí ń bọ́ ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀ ti kọjá sí ọ̀dọ̀ Google àti Facebook. Àwọn wọ̀nyí kì í rán akọ̀ròyìn sí ọjà wa, wọn kì í sì í lọ jókòó ní ilé ẹjọ́. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà kọjá ni wọ́n gbà. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, nítorí ojú wa tí a fi ń wò ó ni ọjà tí wọ́n ń tà fún onípolówó. Nítorí náà ohun tí yóò mú wa wò pẹ́ ni ẹ̀rọ wọn ń gbé síwájú wa: ìjà, ẹ̀gàn, àti ìdẹ́rùbà. Àwọn ọmọ wa ń gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ má ṣe gbà pé a ń sọ pé gbogbo oníwèé ìròyìn ni òpùrọ́. Àwa fúnra wa kò tẹ irọ́ kan ṣoṣo tí ó ti ọwọ́ wa wá. Ìdákẹ́ ni a tà. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé nínú iṣẹ́ yìí, agbára owó kì í sábà fi ara hàn nínú ohun tí a tẹ̀; inú ohun tí a dá dúró di oṣù tí ń bọ̀ ni ó ń gbé. Nítorí náà òǹkàwé tí ń wá irọ́ kiri nínú ìwé kò ní í rí i, yóò sì rò pé kò sí ewu.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí a má ṣe gba ìpolówó mọ́. Ìwé kì í jẹ afẹ́fẹ́. Oníṣòwò tí ń polówó ọjà tí ó dára ń ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ra gbogbo bébà wa, òun ni olóòtú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wa ni ó wà nínú ìwé. Ta ni ó sì fi àyè náà sílẹ̀ fún un? Àwa ni, pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ títí oṣù yóò fi parí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ìgbà tí òǹkàwé kò ra òtítọ́ ní ₦100, ẹlòmíràn wá, ó ra ìdákẹ́ ní owó gọbọi.

Ẹ ó bèèrè ohun tí a ṣe. A fi owó oṣù wa tẹ ìwé tí ó tẹ̀ lé e. A tẹ àkọsílẹ̀ olùkọ́ náà bí ó ti kọ ọ́, a sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé láti ọjọ́ báyìí ni ó ti wà lọ́wọ́ wa, a fọwọ́ sí i. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ kò tíì dárí jì wá títí di òní. Ìwé wa súnkì láti ojú ewé 8 dé ojú ewé 4. Ní ti ìyá ẹlẹ́kọ, a ń san díẹ̀díẹ̀ fún un lóṣooṣù fún ọdún púpọ̀, kò sì tó ìdajì ohun tí ó sọnù. Ọmọ rẹ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́, ó sì ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ fi àjọ kó owó jọ fún nìyẹn, a kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ilé wa, bí a bá ka ìwé ìròyìn tàbí tí a gbọ́ rédíò lálẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn kí wọ́n tó gba ohunkóhun gbọ́. Ta ni ó ni ín? Ta ni ó ń san owó rẹ̀? Kí ni kò sọ? Èyí ẹ̀kẹta ni ó le jù, òun náà sì ni ọmọ wa obìnrin tí ó kéré jù mọ̀ ọ́n bèèrè jù. Ó ti bi wá nípa ìwé tiwa náà rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ìwé olójú ewé mẹ́rin náà kọ́kọ́ jáde, ìyá ẹlẹ́kọ dúró níwájú tábìlì. A ní kí ó mú tirẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mi orí, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì ka ₦100 sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ kọ orúkọ mi sí àárín àwọn tí ó ti sanwó, kí n lè ní ẹnu láti bá yín wí.”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ ìwé ìròyìn yìí ní gbèsè, a kò fi bínú rán yín létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá san án, kí ẹ lè ní ẹnu láti bá wa wí.